Iléeṣẹ́ Gàrí, Èèyàn 31: Ohun Tí Òfin Iṣẹ́ Ń Béèrè Lọ́wọ́ Yín Báyìí

Alhaja kan tó ní iléeṣẹ́ gàrí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀: “Èèyàn 31 ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Àwọn 19 ń gba owó oṣù, àwọn obìnrin 12 tó kù ń bó ẹ̀gẹ́, iye agbọ̀n tí kálukú bá bó ni mo sì fi ń sanwó fún un. Èmi fúnra mi ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì agbọ̀n wọn sára ògiri. Yàtọ̀ sí máníjà mi tó ń gba ₦150,000, ₦45,000 ni àwọn olówó oṣù ń gbà, mo sì máa ń fún kálukú ní kóńgò gàrí kún un. Ọmọ mi ọkùnrin ní òfin ti yí padà, ó ní kí n pín iléeṣẹ́ sí orúkọ méjì kí iye wa má baà pé 25. Ẹlòmíràn ní kò sí owó orí mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Èwo ni òótọ́, kí ni kí n sì máa retí?”

Alhaja, mo kí yín, mo sì kí àwọn èèyàn tí ẹ ń fún níṣẹ́. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn èèyàn yín, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé iye èèyàn ni púpọ̀ nínú àwọn òfin iṣẹ́ wa fi ń mọ agbanisíṣẹ́ tí wọ́n kàn. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ti wà lábẹ́ òfin ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ní 5 ti di ẹni tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́, ń wá. Ẹni tó ní 15 gbọ́dọ̀ máa dá owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní 25, òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ti ré gbogbo ààlà wọ̀nyí kọjá, àfàìmọ̀ ni kò sì fi ní jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ré wọn kọjá, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe òfin tuntun rárá.

Èyí tó jẹ́ tuntun gan-an ni owó oṣù. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu àtúnṣe òfin tó gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti ₦30,000 tó wà láti ọdún 2019 sí ₦70,000. Àtúnṣe yẹn kan náà ló sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa tún iye náà gbé yẹ̀wò, dípò ọdún márùn-ún tó wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣètò ọjà àti owó yín, ọdún 2027 ni kí ẹ fi sọ́kàn pé iye náà tún lè gbéra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè wa ló tún gbọ́ ₦77,000 tí wọ́n sì rò pé òun ni òfin. Iye tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbà láti san fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 nìyẹn. Òun kọ́ ló de iléeṣẹ́ aládàáni. ₦70,000 ti ìjọba àpapọ̀ ló dè yín, bí ẹ bá sì san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọlá yín ni.

Ǹjẹ́ òfin yìí kàn yín? Ó yọ iléeṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ sílẹ̀, ó yọ àwọn tí iye iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a fi ń sanwó fún wọn sílẹ̀, ó sì yọ iṣẹ́ tó ní àsìkò, irú bí iṣẹ́ oko, sílẹ̀. Àwọn obìnrin 12 tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún yín bọ́ sínú àwọn tí a yọ sílẹ̀, nítorí pé agbọ̀n ni ẹ fi ń sanwó fún wọn. Ẹ kò jẹ̀bi bí owó ẹni kan nínú wọn kò bá pé ₦70,000 lóṣù. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé, nígbà tí a ti yọ àwọn wọ̀nyí kúrò nínú owó náà, a ti yọ wọ́n kúrò nínú kíkà pẹ̀lú, pé 19 ni iye yín, kì í ṣe 31. Iye èèyàn tí iléeṣẹ́ gbà síṣẹ́ ni òfin ń sọ, kò sọ pé àwọn tó ń gba owó oṣù nìkan. Bí mo ṣe kà á ni pé 31 ni yín, àti pé àwọn 18 tó ń gba ₦45,000 ní ẹ̀tọ́ sí ₦70,000. Agbẹjọ́rò míì lè bá mi jiyàn lórí èyí, àmọ́ èmi kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi iléeṣẹ́ yín dán àríyànjiyàn yẹn wò.

Ẹ má tún fọkàn sí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ bá fẹnu ara wọn sọ pé ₦45,000 tẹ́ àwọn lọ́rùn. Àdéhùn láti gba owó tó kéré sí ti òfin kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n buwọ́ lù ú. ₦25,000 ló ń ṣẹ́ kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Fún èèyàn 18, ₦450,000 ni. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni fún ẹni tó ń ta gàrí, tí owó ẹ̀gẹ́ àti ti dísù sì ń gun orí ara wọn. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí san iye tó tọ́ láti oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ó ṣe máa san èyí tó ti kọjá díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n buwọ́ lu ìwé pé àwọn ti dárí gbèsè jì yín, nítorí ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ ẹjọ́, ńṣe ló máa jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ mọ̀ pé ẹ jẹ wọ́n.

Ní ti ìmọ̀ràn ọmọ yín, Alhaja, ẹ má gbà á. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kan náà bá ń rin ẹ̀gẹ́, tí ẹ̀yin kan náà ń sanwó, tí máníjà kan náà ń pàṣẹ, orúkọ méjì lójú pátákó kò sọ iléeṣẹ́ kan di méjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún Òfin Orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2010 ni wọ́n ti fún Ilé-Ẹjọ́ Àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lágbára láti wo ìwà tí kò tọ́ níbi iṣẹ́ àti àṣà iṣẹ́ tó dára jù lọ lágbàáyé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an níbi iṣẹ́ ni ilé-ẹjọ́ yìí máa ń wò. Ẹ ó tún máa san owó fún ìwé ìforúkọsílẹ̀ méjì lọ́dọọdún, ẹ ó máa ṣe ìṣirò méjì, ìtijú rẹ̀ yóò sì tún wà níbẹ̀ bí àṣírí bá tú láàárín àwọn èèyàn tí ẹ jọ ń gbé ìlú kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó orí. Ẹni tó sọ fún yín pé kò sí owó orí mọ́ sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n buwọ́ lu òfin owó orí tuntun ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ kò ní san owó orí rárá. ₦70,000 lóṣù jẹ́ ₦840,000 lọ́dún, ó ju ₦800,000 tí òfin náà yọ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn lọ, síbẹ̀ ẹ kò gbọdọ̀ yọ owó orí kankan lórí àwọn 18 yìí. Bí máníjà yín bá ṣì ń yọ ₦500 tàbí ₦1,000 lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó orí wọn, kí ó dáwọ́ dúró lónìí, kí ẹ sì dá èyí tó ti yọ láti oṣù kìíní ọdún 2026 padà fún wọn.

Fún máníjà fúnra rẹ̀, ìṣirò ti yí padà. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó kù lẹ́yìn àwọn ìyọkúrò kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyọkúrò àtijọ́ tí a máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn láìbéèrè ìwé ti kúrò nílẹ̀. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni ti owó ilé: ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí òṣìṣẹ́ san lọ́dún, tí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ ṣe é. ₦1,800,000 ló ń gbà lọ́dún. Ká sọ pé gbogbo rẹ̀ ni a fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦144,000. Ká sọ pé ₦200,000 ló ń san fún onílé rẹ̀ ní Òkè-Agbò. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦40,000. Bí a bá yọ méjèèjì kúrò, ó ku ₦1,616,000. Ẹ yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦816,000; 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦122,400 lọ́dún, èyí tó jẹ́ ₦10,200 lóṣù. Rìsíìtì onílé ló mú kí ₦40,000 yẹn ṣeé yọ, nítorí náà ẹ sọ fún un kó lọ gbà á. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé wa kì í kọ rìsíìtì, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ pé “mo ti rí i gbà”. Ó ti tó àkókò kí wọ́n máa kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Ògùn ni owó náà ń lọ, kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ ó sì kó àkọsílẹ̀ gbogbo ọdún fún wọn kó tó di ìparí oṣù kìíní ọdún tuntun.

Owó ìfẹ̀yìntì kò ṣòro láti yé. Òfin ọdún 2014 ló wà lórí rẹ̀: ẹ̀yin ó dá ó kéré tán 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ yóò dá 8, owó náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá san owó oṣù. Bí ẹ bá yọ 8 ti òṣìṣẹ́ tí ẹ kò fi ránṣẹ́, owó ẹlòmíràn ni ẹ gbé sápò, ìtanràn sì ń gun orí rẹ̀ lóṣooṣù. Fún àwọn 19, bí àpapọ̀ owó oṣù wọn bá di ₦1,410,000, tiyín nínú rẹ̀ jẹ́ ₦141,000.

Èyí tó wá ń ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹni tó bá fara pa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ibì kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ọmọkùnrin kan ti ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ mọ̀ bí ó ṣe máa ń rí: omi ẹ̀gẹ́ ti mú kí gbogbo ibẹ̀ máa yọ̀, ègé ẹ̀gẹ́ kan há, ó sì fi ọwọ́ tì í dípò igi. Ìka méjì ló lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpò gàrí, ó di àwọn rìsíìtì oògùn sínú ọ̀rá, ó ń tú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí itan rẹ̀, ó ní kí n ṣírò wọn fún òun. Olówó iṣẹ́ náà kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ti ta ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ láti fi san owó ilé ìwòsàn, kò sì sí owó mọ́ láti fi ṣètò ìgbésí ayé ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọdún 2010 ti wà tó sọ pé agbanisíṣẹ́ yóò máa san 1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó iṣẹ́ oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, kí àjọ náà lè gba ìtọ́jú àti owó gbà-máà-bínú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sára. Kò san án rí. Kò mọ̀ pé ó wà.

Àpapọ̀ owó tí ẹ ń san lóṣù, bí a bá fi ti àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ kún un, lè tó nǹkan bíi ₦2,000,000. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí oṣù yìí parí kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́, tiyín ni. Ẹ má fi àwọn obìnrin yẹn sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wọn láti òwúrọ̀ títí dé ọ̀sán, àti pé òfin yìí kò bìkítà bóyá agbọ̀n ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn tàbí oṣù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó yín létí, ẹ̀yin sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Kí igi tí a fi ń ti ẹ̀gẹ́ sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ nígbà gbogbo, kó jẹ́ méjì, nítorí pé ọ̀kan máa ń sọ nù.

ITF ní tirẹ̀ ń gba 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ọdún kan. Lórí ìṣirò òkè yìí, ₦240,000 ni, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin sì ni òpin rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín níṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n lè dá apá kan rẹ̀ padà fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ du kọngíráàtì ìjọba, irú bíi kíkó gàrí fún ilé ìwé, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ITF, ti NSITF àti ti owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ padà sórí ògiri yín. Ṣọ́ọ̀kì kì í pẹ́ lára ògiri ilé gàrí; ooru agbada àti ọwọ́ ọmọdé ló ń pa á rẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn bá sọ níwájú adájọ́ pé agbọ̀n 40 lòun bó tí ẹ sì sanwó 30, kí ni ẹ máa fi hàn? Ẹ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, iye agbọ̀n àti iye owó síbẹ̀, kí ẹni náà buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ ìka. Òfin iṣẹ́ tún ní kí ẹ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí yóò sọ orúkọ yín àti tirẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, owó rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ ó máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti bí ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe lè fòpin sí iṣẹ́ náà. Ojú ìwé kan tó. Ẹ lè kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, kó lè yé ẹni tó buwọ́ lù ú.

Kóńgò gàrí tí ẹ ń fún wọn dára, ẹ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á mọ́ ₦70,000. Owó ni òfin ní kí a fi san owó iṣẹ́. Ọjà lè wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, kò lè rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni ti gàrí tó bá jóná. Púpọ̀ nínú àwọn olówó iṣẹ́ wa ló máa ń yọ owó rẹ̀ lára ẹni tó yan án, wọ́n ní kó lè kọ́gbọ́n. Òfin kò gba kí a gba owó ìtanràn lára owó òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tàbí pé ó fi iṣẹ́ ṣeré, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó yọ iye tó mọ níwọ̀n, gbogbo ìyọkúrò oṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹnì kan dúró, ọ̀sẹ̀ kan ni ìkìlọ̀ fún ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó wà láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún, kó sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ti fúnni ní ìkìlọ̀ kò nílò láti sọ ìdí. Àwọn adájọ́ kan ní ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti ń béèrè ìdí tó múná dóko báyìí, nítorí náà ẹ máa kọ ìdí náà sínú lẹ́tà. Obìnrin tó bá fẹ́ bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín. Àwọn ọmọ tó ń wá bá ìyá wọn níbi iṣẹ́ nígbà ìsinmi ilé ìwé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ; ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ti ohun tó ń bọ̀, àwọn àbá láti tún òfin iṣẹ́ ṣe ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ fún ìgbà pípẹ́ níwájú àwọn aṣòfin, n kò sì ní kí ẹ fi wọ́n ṣètò títí wọn yóò fi di òfin. Àwọn èyí tó ti wọlé tí wọn kò sì pariwo ni kí ẹ fiyè sí. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ìwà ipá àti ìfìtínà níbi iṣẹ́ ní ọdún 2022, nítorí náà ẹ yan ẹnì kan, obìnrin bó bá ṣeé ṣe, tí òṣìṣẹ́ lè fẹjọ́ sùn láìsí ìbẹ̀rù. Òfin ọdún 2023 lórí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni kan àwọn fọ́tò, nọ́ńbà báǹkì àti èsì àyẹ̀wò ara tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn; ẹ tì wọ́n sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ní ìparí lẹ́tà yín, ẹ béèrè bóyá àwọn ọjọ́ tí ẹ ń ti iléeṣẹ́ pa nígbà Iléyá lè dúró fún ìsinmi ọdọọdún. Ìsinmi tí òfin iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 12 jẹ́ ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó kíkún. Ọjọ́ tí ìjọba bá kéde ìsinmi fún Iléyá kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, ẹ kò lè kà á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta, tí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ régbérégbé yín máa ń lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí ìjọba kò bá kéde rẹ̀, ẹ lè kà á sí ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́fà náà, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fún wọn, tí ẹ sì san owó ọjọ́ náà fún wọn pé.